Igbó Tí A Kò Ṣán Kò Ṣàìní Onígbó: Igbó Òrìṣà Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́ Láàárín Èèwọ̀ àti Òfin

Ní ọdún 1935, ìjọba Faransé tó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé òfin méjì jáde tí ó kan gbogbo ìlú Yorùbá tó wà ní Dàhòmì. Ti àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 4, oṣù Keje: òfin lórí igbó ni. Èkejì jáde ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá: òfin lórí ilẹ̀ ni. Òfin kejì yìí sọ pé ilẹ̀ yòówù tí ẹnikẹ́ni kò bá ní ìwé fún, tí a kò lò, tí a kò sì gbé orí rẹ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ti ìjọba ni. Lójú akọ̀wé tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro: ilẹ̀ tí a dá oko sí ní onílẹ̀, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún igi àti ẹranko kò ní.

Lójú àwọn àgbà Kétu, Sábẹ, Ìdàáṣà àti Àjàṣẹ́, òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́. Oko lè ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. A lè fi yáni, a sì lè fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n igbó tí àdá kò kàn rí láti ayé àwọn baba ńlá, igbó tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ ẹni tí ń ṣe ètùtù níbẹ̀, tí a sì mọ ọjọ́ tí a kì í débẹ̀, òun gan-an ni ó ní onígbó jù lọ. Àìṣán rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ó ní ẹni tó ni ín. Láti orí ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àríyànjiyàn tó ti wáyé lórí ìdáàbòbò igbó ní agbègbè yìí ti ṣẹ̀, kò sì tíì parí di òní.

Ohun tí igbó jẹ́ fún ìlú àti fún ọba

Àwọn baba ńlá kò pa igbó mọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn igi ju ènìyàn lọ. Iṣẹ́ ni igbó ń ṣe fún ìlú. Igbó orò wà, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ṣe ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Ìgbàlẹ̀ wà fún eégún. Igbó òrìṣà wà lẹ́bàá odò, lórí òkè, àti nídìí ìrókò, ọsẹ̀ àti àràbà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, mẹ́nu ba irú mìíràn tí ó ń jẹ́ igbó ilé: igbó dídí tí a fi yí odi ìlú ká, kí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá má baà já wọ ìlú lójijì. Èyí kì í ṣe ti òrìṣà. Ti ààbò ni. Síbẹ̀, ìlú ń ṣọ́ ọ, nítorí pé ẹni tó bá ṣí igbó ilé sílẹ̀ ti ṣí ẹnu ọ̀nà fún ogun.

Ààfin pàápàá kò lè ṣe láìsí igbó. Ewé akòko ni a fi ń fi ènìyàn jẹ oyè. Ewé, èèpo àti egbò tí àwọn oníṣègùn fi ń tọ́jú ara ọba àti ti ará ìlú, igi tí àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyẹn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo aráyé, láti inú igbó ni gbogbo wọn ti ń wá. Nítorí náà, ọba kì í ní igbó bí ènìyàn ṣe ń ní aṣọ. Ó ń bójú tó o fún àwọn tó ti lọ, fún àwọn tó wà láyé, àti fún àwọn tí a kò tíì bí. Àwọn ìdílé tí ń bọ òrìṣà ibẹ̀ ló mọ ààlà rẹ̀. Ọba ló ń dájọ́ bí ẹnikẹ́ni bá rékọjá rẹ̀.

Ìtàn Kétu fi hàn bí òfin ọdún mẹ́wàá náà ti jìnnà sí ìrírí àwọn tí ó fẹ́ ṣàkóso. Alákétu Ẹdẹ ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Aró wá sí ibi tí ìlú wà lónìí, àwọn ọdẹ tó mọ inú igbó sì ṣe amọ̀nà wọn. Ní 1886, ogun Dàhòmì kó Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ. Ìlú dahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì, tí àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìgbèkùn fi padà wálé ní nǹkan bí 1894 láti tún ìlú tẹ̀ dó. Ẹnu odi Àkábà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ láti pàdé wọn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ilẹ̀ náà ti di ti ẹlòmíràn. Ká ní òfin 1935 ti wà nígbà náà, ọdún díẹ̀ péré ni ì bá kù kí Kétu fúnra rẹ̀ di ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ lójú òfin.

Igbó tó di ọgbà ní Àjàṣẹ́

Kí òfin wọ̀nyẹn tó dé ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọgbà tí a mọ̀ lónìí sí Jardin des Plantes et de la Nature jẹ́ igbó òrìṣà tẹ́lẹ̀ rí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà ayé Ọba Tòfá tó jọba láti 1874 di 1908, àwọn Faransé sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò, níbi tí wọ́n ti ń gbin igi àti ewéko tí wọ́n kó wá láti òkèèrè láti mọ èyí tó lè mú owó wá.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ka ìtàn ọgbà yìí. Àwọn kan sọ pé ìjọba gba igbó lọ́wọ́ òrìṣà, ó fi fún òwò. Àwọn mìíràn sọ pé bí kò bá di ọgbà, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ì bá kún ibẹ̀ lónìí, bí wọ́n ti kún ọ̀pọ̀ igbó mìíràn láàárín ìlú. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Igi ńláńlá ṣì dúró ní àárín Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń lọ wò wọ́n. Ohun tó sọnù níbẹ̀ ni onígbó: a gba igi là, a sì pàdánù ẹni tí igi náà ń jẹ́ tirẹ̀.

Ta ló ba igbó jẹ́?

Kò tọ́ kí a sọ pé olè nìkan ni àwọn aláṣẹ Faransé. Àwọn onímọ̀ igbó wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ní tòótọ́. André Aubréville, ẹni tó kọ̀wé lórí igbó Dàhòmì àti Togo ní 1937, gbà pé iná tí àwọn àgbẹ̀ ń dá sí pápá àti oko tí wọ́n ń ṣí káàkiri ń sọ igbó di ọ̀dàn. Ní 1949 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde nínú èyí tí ó ti kìlọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀ di aṣálẹ̀. Láti inú irú èrò yìí ni òfin 4 oṣù Keje 1935 ti ń gba agbára: ìjọba ya àwọn igbó kan sọ́tọ̀, ó sì fi ìwọ̀nba àǹfààní sílẹ̀ fún ará abúlé, bíi ṣíṣa igi gbígbẹ àti kíká èso, oúnjẹ àti ewé oògùn. Igbó Dogo àti Kétu, Toui-Kilibo, àti Ouémé-Boukou lẹ́bàá Sábẹ wà lára àwọn igbó tí a yà sọ́tọ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ìwádìí lẹ́yìn ìgbà náà fi hàn pé ẹjọ́ tí a dá fún àgbẹ̀ le jù. Láti Ghana wá dé Togo àti Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dàn ló gba àárín igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn, títí dé etí òkun. Àwọn tí ń ka ìtàn ojú ọjọ́ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún rí i pé àlàfo náà ti ṣí láti nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òjò dín kù. Kì í ṣe àdá Kétu tàbí ti Sábẹ ló ṣí i. James Fairhead àti Melissa Leach, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1996 lórí agbègbè Kissidougou ní Guinea, fi hàn pé igbó tó yí àwọn abúlé ibẹ̀ ká kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìparun. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló tọ́jú ilẹ̀ tí igbó fi hù sí i. Ní 1998 wọ́n gbé irú ìbéèrè kan náà wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Togo àti Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Wọ́n ní iye igbó tí a sọ pé ó ti pòórá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyí, nítorí pé ẹni tí a bá pè ní abàlújẹ́ kò ní ẹnu nígbà tí a bá ń pín ìtọ́jú igbó. Síbẹ̀, kò yẹ kí a lò ó láti wẹ ọwọ́ wa mọ́ pátápátá. Oko òwú, èédú tí a ń sun fún ọjà ìlú ńlá, àti gẹdú tí a ń gé láìgbin òmíràn ti jẹ igbó lójú àwọn tó ṣì wà láyé.

Ìjà àwọn ará òkèèrè

Àríyànjiyàn nípa ohun tí igbó wà fún kò mọ sí Áfíríkà. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Gifford Pinchot sọ pé igbó wà fún ìlò ènìyàn, kí a máa gé e pẹ̀lú ọgbọ́n kí ó má baà tán. John Muir ní rárá, pé ibi tí ọwọ́ kò kàn níye lórí fúnra rẹ̀, yálà ó wúlò tàbí kò wúlò. Ìjà wọn gbóná lórí àfonífojì Hetch Hetchy, tí ìjọba fún láṣẹ ní 1913 pé kí a sé omi sí fún ìlò ìlú San Francisco. Muir pàdánù. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ gbàgbé ohun kan: ilẹ̀ tí Muir ń pè ní ibi tí ọwọ́ kò kàn, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé ibẹ̀ rí. Ní 1851 ni àwọn ọmọ ogun wọ Yosemite láti lé wọn jáde.

Igbó òrìṣà kò bá ọ̀nà Pinchot mu, kò sì bá ti Muir mu. A kò tọ́jú rẹ̀ kí a lè tà á lọ́la, a kò sì tọ́jú rẹ̀ nítorí pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ìbáṣepọ̀ láàárín ìdílé kan, òrìṣà kan àti ibì kan ni a tọ́jú. Igi àti ẹranko jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Bí ìbáṣepọ̀ yẹn bá já, igi kò ní olùgbèjà mọ́.

Àáké ìjọba ìyípadà

A rí èyí kedere lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá 1972, tó sì kéde ètò Marx àti Lenin ní 1974. Ìjọba náà gbà pé oyè ọba àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ń fa orílẹ̀-èdè sẹ́yìn. Ní àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n dojú ìjà kọ ohun tí wọ́n pè ní àjẹ́. Ní ibi púpọ̀, wọ́n gé ìrókò àti ọsẹ̀ tí a sọ pé àwọn àjẹ́ ń pàdé sí, wọ́n sì ba igbó òrìṣà jẹ́.

Kì í ṣe igi nìkan ló ṣubú nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ rí i pé ẹni tó fi àáké kan ìrókò jí ní ọjọ́ kejì, ó jẹun, ó sì lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí èèwọ̀ gbára lé fọ́ lójú wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́: igbó tí ẹ̀rù nìkan ń ṣọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi di oko ní ọjọ́ tí ẹ̀rù bá tán. Ibi tí igbó ti dúró ni ibi tí àwọn ènìyàn ti mọ ìdí mìíràn tó fi yẹ kó dúró: pé ibojì àwọn baba wà níbẹ̀, pé orísun omi wà níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni a ti ń fi ọba jẹ.

Lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì 1990, nǹkan yí padà. Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá 1990 sọ nínú abala 27 pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, tó sì lè tọ́jọ́, ó sì jẹ́ ojúṣe wọn láti gbèjà rẹ̀. Òfin igbó tuntun, nọ́mbà 93-009, jáde ní ọjọ́ 2, oṣù Keje 1993. Ní 1998, àwọn olùwádìí ka igbó òrìṣà tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè: wọ́n rí 2,940, tí gbogbo wọn jẹ́ hẹ́kítà 18,360. Bí a bá pín in, kò ju nǹkan bí hẹ́kítà mẹ́fà lọ fún igbó kan, àpapọ̀ wọn kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Igbó òrìṣà nìkan kò lè gba orílẹ̀-èdè là. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, inú rẹ̀ nìkan ni a ti lè rí ìyá igi tí èso rẹ̀ lè tún igbó mìíràn gbìn.

Ìwé tàbí àṣírí

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá 2012, mínísítà tó ń rí sí àyíká àti èyí tó ń rí sí ìjọba ìbílẹ̀ jọ fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú igbó òrìṣà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin mọ̀ ọ́n ní orúkọ tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fi ìwé gbà pé igbó náà wà, kí a fi ààlà sí i, kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó o, kí a sì kọ ètò ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tó wá wà níwájú àwọn ìdílé àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni pé: ṣé kí a kọ igbó wa sínú ìwé ni, àbí kí a dákẹ́?

Àwọn tó ní kí a dákẹ́ ní ìdí tó lágbára. Wọ́n ní igbó tó wọ inú ìwé ìjọba ti di igbó ìjọba. Pé ìgbìmọ̀ tí a yàn lónìí lè jẹ́ ti òṣèlú lọ́la. Pé bí ayàwòrán ilẹ̀ bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, arìnrìn-àjò afẹ́ yóò tẹ̀ lé e, àṣírí yóò sì tú. Wọ́n lè tọ́ka sí Togo. Níbẹ̀, ìjọba lé àwọn ará abúlé kúrò nítorí ọgbà ẹranko bíi Kéran. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ènìyàn padà wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, wọ́n pa ẹranko, wọ́n sì dá oko. Ìtọ́jú tí a fi ipá ṣe kò kọjá ọjọ́ tí ipá náà dẹ̀.

Àwọn tó ní kí a kọ ọ́ náà kò sọ ìsọkúsọ. Àwọn àgbà tó mọ ààlà ń lọ sọ́run. Ilẹ̀ ti di ọjà. Bí ẹnìkan bá mú ìwé ilẹ̀ wá sí kóòtù, tí ìdílé kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìtàn lọ, a mọ ẹni tí yóò jàre. Àwọn náà lè tọ́ka sí Òṣogbo. Ní ibẹ̀, Susanne Wenger, ọmọ Austria tó di olórìṣà, bá àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà dìde láti dá gígé igi, ọdẹ àti ẹja pípa dúró nínú igbó Ọ̀ṣun. Ní 1965 ìjọba Nàìjíríà sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2005 UNESCO kọ igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Ó ṣì dúró ní àárín ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n òfin tó ṣọ́ igbó náà kò lè ṣọ́ odò tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá: ìwakùsà góòlù ní apá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹlẹ́rẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí.

Ẹni tó yẹ kó kọ ìwé náà

Nínú gbogbo ìtàn yìí, láti 1935 di 2012, kì í ṣe ìwé ló ṣe ibi, kì í sì í ṣe àìníwèé ló ṣe ire. Ibi dé nígbàkúùgbà tí ẹlòmíràn bá sọ ohun tí igbó jẹ́ láìbi onígbó: Faransé ní ilẹ̀ òfìfo ni, ìjọba ìyípadà ní ilé àjẹ́ ni, àwọn oníṣòwò ní gẹdú ni. Yorùbá sọ pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Onígbó tó dákẹ́ títí tí àlejò fi sọ igbó rẹ̀ lórúkọ ti fi ẹjọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà wà láàárín méjèèjì. A lè kọ ààlà sílẹ̀ láìkọ ohun tó wà nínú ààlà. Ìdílé tó ń bọ òrìṣà ibẹ̀ lè jókòó pẹ̀lú ààfin, kí wọ́n sọ orúkọ igbó, ìhà mẹ́rin rẹ̀, ìran tó ni ín àti èèwọ̀ rẹ̀, kí a tó pe ìjọba ìbílẹ̀ wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Ohun tó jẹ́ awo yóò wà ní awo. Ó tún yẹ kí a fi òótọ́ inú bi ara wa pé kí ni a ó ṣe nípa àwọn tí èèwọ̀ àtijọ́ tì sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tí wọn kì í wọ igbó orò ni wọ́n ń pọnmi ní odò tí igbó náà ń dáàbò bò; àwọn ọmọ tó ti di Mùsùlùmí tàbí Kristẹni ṣì jẹ́ ọmọ ilé náà. Bí ìgbìmọ̀ igbó kò bá ní àyè fún wọn, àwọn tí yóò gbèjà igbó náà lọ́la yóò kéré jù.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, ìdílé kan kò sì lè dá ṣọ́ igbó mọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Paris lè fi owó ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì lè bá a rí agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé, tó mọ ibi tí ìrókò ààlà wà, ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí igbó tí a ti mú ewé akòko wá má ṣe di ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀.